Ọ̀sẹ̀ 31 rè é, ojú mi ò rí oorun. Báwo lẹ ṣe ń sùn, báwo sì ni a ó ṣe máa tẹ́ ọmọ sùn?

Àkọ́bí_Ńbọ̀ · aago 2:47 òru

Ẹ kú òru o, ẹ̀yin tí ẹ ṣì lajú sílẹ̀ bíi tèmi. Oyún àkọ́kọ́ mi nìyí, mo ti wọ ọ̀sẹ̀ 31. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, oorun ni mo fi ń ṣe iṣẹ́: mo sùn lórí ìjókòó, mo sùn nínú ọkọ̀, ọjọ́ kan tilẹ̀ wà tí mo sùn níbi tí mo ti ń fọ eyín. Ní báyìí, kí n sùn fún wákàtí méjì láìjí ti di ogun. Tí n kò bá dìde lọ tọ̀, pajápajá á mú mi lẹ́sẹ̀. Tí pajápajá bá lọ, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tàpá.

Lálẹ́ àná ni mo ta jí tí mo bá ara mi lórí ẹ̀yìn, ojú mi kọ òrùlé. Àyà mi là gààrà, torí ẹnì kan ti sọ fún mi pé aboyún kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, pé ó ń pa ọmọ inú. Mo fọwọ́ lé ikùn títí ọmọ fi mira. Mo sunkún gan-an.

Ọkọ mi ló ní kí n bi yín. Báwo ni kí n ṣe máa sùn báyìí? Tí ọmọ bá sì dé, báwo ni ká ṣe máa tẹ́ ẹ? Ohun tí ẹni tibí ń sọ yàtọ̀ sí ti ẹni tọ̀hún, ó ti sú mi.

Agbẹ̀bí_Alẹ́ · aago 3:05 òru

Ẹ kú ìnira o, àǹtí. Agbẹ̀bí ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, ìyẹn ni mo fi tètè rí ọ̀rọ̀ yín.

Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ kò parọ́ tán, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ lọ́nà tó ń já ènìyàn láyà. Láti ọ̀sẹ̀ 28 ni ilé ọmọ ti máa ń wúwo tó pé, tí obìnrin bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, á tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà lọ sí ọkàn mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ á wá dín kù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí oríṣiríṣi pọ̀ ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé láàárín àwọn tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ *nígbà tí wọ́n fẹ́ sùn* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28, ewu pé kí wọ́n bí òkú ọmọ tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ti àwọn tó fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Ẹ rántí pé ewu ọ̀hún fúnra rẹ̀ kéré láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún kíyè sí ibi tí mo ti ní "nígbà tí wọ́n fẹ́ sùn". Bí ẹ ṣe dùbúlẹ̀ tí oorun fi gbé yín lọ ni ọ̀rọ̀ wà, torí ibẹ̀ lèèyàn máa ń pẹ́ sí jù lóru. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ lójú oorun. Bí ẹ bá jí tí ẹ bá ara yín lórí ẹ̀yìn, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ sì padà sùn. Kò sí ẹkún níbẹ̀.

Ọ̀tún tàbí òsì kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìyàtọ̀. Ẹ fi ìrọ̀rí kan sáàárín orúnkún, ẹ gbé òmíràn sí ẹ̀yìn yín kó lè máa dá yín padà. Ní ti pajápajá, bó bá ti mú yín, ẹ na ẹsẹ̀ yẹn gbọọrọ, kí ẹ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá sókè sí ọ̀dọ̀ ara yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ńṣe ni ó ń ṣe ẹsẹ̀ yín bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀ lálẹ́, tí ara kò rọ̀ yín àfi tí ẹ bá ń mì í, ẹ sọ fún wọn níbi tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ó lè jẹ́ pé èròjà irin inú rẹ̀ ti dín kù. Ẹ má dá ra oògùn rẹ̀ fúnra yín.

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta · aago 6:20 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n yín nínú àìsùn ni mí. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ nínú oyún kẹta: mo ń mu omi mi púpọ̀ láti àárọ̀ sí ọ̀sán, mo sì ń dín in kù tí alẹ́ bá ti ń lẹ́. Mi ò jẹun wúwo kí n tó sùn, torí bí mo bá ti dùbúlẹ̀ ni oúnjẹ ń gun àyà mi, á máa ta mí bí iná. Mo gbé orí ibùsùn ga díẹ̀. Kọfí kì í ju ife méjì lọ (200 miligíráàmù kaféènì lójúmọ́ ni òté tí wọ́n sọ fún mi), kò sì sí èyí tó ń kọjá ọ̀sán.

Ẹ tún yí ojú aago sí ògiri. Mo ti fi ìṣirò pa ara mi rí: "tí mo bá sùn báyìí, ó ku wákàtí mẹ́rin, báyìí, ó ku mẹ́ta àbọ̀…" Ìṣirò yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn.

Bàbá_Ìbejì · aago 7:02 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ tiẹ̀. Ìyàwó mi kì í hanrun rí. Nígbà tí oyún di oṣù méje, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun bí ẹ̀rọ. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo fi fóònù gbà á sílẹ̀ kí n lè fi dá a lágara. Ìgbà tí mo tẹ́tí sí i lọ́sàn-án ni mo gbọ́ pé ó máa ń dákẹ́ pátápátá, á pẹ́ díẹ̀, kó tó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó yọ lábẹ́ omi. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. A gbé fóònù náà lọ fún dókítà. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹni tó ń hanrun kì í gbọ́ ara rẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ọ lára ìyàwó tó lóyún, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má fi ṣeré.

Agbẹ̀bí_Alẹ́ · aago 7:15 àárọ̀

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun. Híhanrun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú oyún àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń rìn pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin kò ka híhanrun sí ohun tí wọ́n lè sọ fún agbẹ̀bí, ìtìjú ni wọ́n kà á sí.

Màmá_Ọlọ́mọ_Mẹ́fà · aago 9:40 àárọ̀

Àkọ́bí_Ńbọ̀, ọmọ mi, o ó bí tibi-tire, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Tọ́mọ bá dé, da ikùn rẹ̀ délẹ̀ nígbà tóo bá fẹ́ tẹ́ ẹ. Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe sùn, wọ́n sì ń sùn fọnfọn. Ọmọ tí a bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, bó bá pọ ọmú, èébì lè sé e léèémí. Orí rẹ̀ á sì pẹlẹbẹ.

Agbẹ̀bí_Alẹ́ · aago 8:30 alẹ́

Ẹ káàlẹ́ o, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ẹ ò ṣì í ṣe nígbà yẹn, torí àwọn dókítà fúnra wọn ni wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n dojú ọmọ délẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá kíyè sí àwọn ọmọ tó ń kú lójú oorun láìsí àìsàn kankan ni wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló dojú bolẹ̀. Ní ọdún 1992, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà yí ìmọ̀ràn wọn padà. Ní 1994 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìpolongo káàkiri pé ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi lélẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, irú ikú yẹn dín kù ju ìdajì lọ lọ́dọ̀ wọn. Oògùn tuntun kankan kọ́ ló fà á, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọ ni wọ́n yí padà.

Ní ti èébì, èmi náà bẹ̀rù rẹ̀ kí n tó kọ́ṣẹ́. Ẹ wò ó báyìí: ọ̀nà méjì ló wà ní ọ̀fun, ti èémí wà níwájú, ti oúnjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ wà nísàlẹ̀. Wàrà tó bá gòkè wá ní láti pọ́n òkè kó tó lè wọ ọ̀nà èémí, omi kì í sì í pọ́n òkè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá da ikùn rẹ̀ délẹ̀, ọ̀nà èémí ló bọ́ sísàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ohun tó bá gòkè máa kọ́kọ́ ṣàn sí.

Oorun fọnfọn tí ẹ sọ náà, òótọ́ ni. Ọmọ tó dojú bolẹ̀ máa ń sùn wọra, kì í tètè jí. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti wá: ọmọ tí kò lè tètè jí kò ní tètè jí náà nígbà tí èémí bá ń há a.

Màmá_Ọlọ́mọ_Mẹ́fà · aago 8:52 alẹ́

Hẹn-ẹn. Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọ̀fun yẹn fún mi rí, àṣẹ ni wọ́n kàn ń pa. Ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mo ti ń múra àtibá ìyá rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orí tó ń pẹlẹbẹ wá ńkọ́?

Agbẹ̀bí_Alẹ́ · aago 9:01 alẹ́

Màmá, ẹ jẹ́ kó da ikùn délẹ̀ nígbà tó bá *lajú*, tí ẹ jókòó tì í. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbà bíi mélòó kan lóòjọ́. Á fi kọ́ bí a ṣe ń gbé orí, ọrùn rẹ̀ á le. Lójú oorun, ẹ̀yìn ni. Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ náà, torí láti ẹ̀gbẹ́, kò pẹ́ tí á fi yí dojú bolẹ̀. Tó bá wá dàgbà tó lè yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀, ẹ ṣì máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ ẹ, àmọ́ kò sí pé ẹ̀ ń jí lóru lọ dá a padà.

Àkọ́bí_Ńbọ̀ · aago 10:18 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn ọ̀rẹ́ ti fún wa ní ìrọ̀rí kékeré fún ọmọ, tìmùtìmù tí wọ́n ń fi yí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ká, àti ibùsùn kan tó dagun bí àga. Gbogbo rẹ̀ lẹ́wà. Ṣé ká lò wọ́n?

Agbẹ̀bí_Alẹ́ · aago 11:30 alẹ́

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kó o pamọ́. Ibùsùn tó le, tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, aṣọ kan tó fún mọ́ ọn dáadáa, ọmọ, ó parí. Ibùsùn tó bá dagun ju ìwọ̀n dígírì 10 lọ, orí ọmọ lè já síwájú kí àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà, èémí á há. Ìdí kan náà nìyẹn tí ìjókòó ọmọ inú ọkọ̀ kò fi yẹ ní ibùsùn: tí ẹ bá ti délé, ẹ gbé e jáde kódà tó bá ń sùn.

Yàrá yín ni kó wà, lórí ibùsùn tirẹ̀, ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá ń fi aṣọ wé e, ẹ jáwọ́ lọ́jọ́ tó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ má dé fìlà fún un tó bá ń sùn nínú ilé. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ooru ń mú un, àyà tàbí ẹ̀yìn ọrùn lẹ ó fọwọ́ kàn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tuntun sábà máa ń tutù, ẹ má torí rẹ̀ di aṣọ rù ú.

Bàbá_Ìbejì · aago 11:44 alẹ́

Ẹ fi kún un pé kí bàbá má sùn pẹ̀lú ọmọ lórí àga onítìmùtìmù. Mi ò fẹ́ sọ èyí rí. Àwọn ìbejì wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé ọ̀kan lé àyà lórí àga kí ìyá wọn lè sinmi. Mo ní mi ò ní sùn. Ìgbà tí mo lajú, ọmọ ti yọ̀ sáàárín apá mi àti ẹ̀yìn àga, ojú rẹ̀ wọnú tìmùtìmù. Ó ń mí. Mo jókòó sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mi ò lè dìde.

Ọjọ́ kejì la pín òru. Aago 9 alẹ́ sí 2 òru, èmi. 2 sí 7, ìyá wọn. Ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ a máa lọ yàrá kejì, á ti ilẹ̀kùn. Wàrà tó ti fún sílẹ̀ ni mo ń fún wọn. Wákàtí márùn-ún tó so pọ̀ yàtọ̀ sí wákàtí mẹ́jọ tí wọ́n gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀.

Agbẹ̀bí_Alẹ́ · aago 11:58 alẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ó ju ẹyọ kan lọ tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló parí síre. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lóru, tó sì mọ̀ pé oorun lè gbé òun lọ, orí bẹ́ẹ̀dì tí kò sí ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ọmọ sàn ju àga lọ. Tó bá ti jí, kó dá ọmọ padà sí ibùsùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bí ọmọ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37, tàbí kò tó kílò 2.5, tàbí ẹnì kan nínú yín ń mu sìgá, mu ọtí, tàbí lo oògùn tó ń kun ènìyàn lóorun, ọmọ kò gbọdọ̀ bá yín sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rárá.

---

Àkọ́bí_Ńbọ̀ · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, aago 4:31 òru

Ọmọ ti dé o! Ọkùnrin ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rè é. Ọ̀sán ló fi ń ṣe òru, òru ló fi ń ṣe ọjà. Ó sì ń kùn, ó ń rán ara, ó ń ṣe ojú gbìdìgbìdì nínú oorun, mo ti gbé e ní ìgbà mẹ́rin lóru òní. Ṣé nǹkan ń dùn ún ni?

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta · aago 5:10 àárọ̀

Ẹ kú ọwọ́ lómi o! Ẹ tètè pa orúkọ yín dà, àkọ́bí ò bọ̀ mọ́, ó ti jókòó.

Agbẹ̀bí_Alẹ́ · aago 5:22 àárọ̀

Ẹ kú ewu ọmọ, àǹtí. Kò sí ohun tó ń dùn ún. Ìdajì oorun ọmọ tuntun ni ó fi ń mira: á kùn, á rẹ́rìn-ín, á ṣẹ́jú, á mí kíákíá lẹ́yìn náà kó rọra. Oorun ni, kò tíì jí. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó gbé e, torí gbígbé yẹn gan-an ló ń jí i. Tó bá jẹ́ ẹkún ni, ẹ ò ní ṣì í mọ̀.

Wákàtí 14 sí 17 ni wọ́n ń sùn lóòjọ́, ó kàn jẹ́ pé wọ́n gé e wẹ́wẹ́ ni. Aago inú ara tó ń yà ọ̀sán sọ́tọ̀ kúrò lára òru kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́rin. Ẹ lè ràn án lọ́wọ́: lọ́sàn-án, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ má rìn bí olè nítorí pé ó ń sùn. Lóru, iná bàìbàì, ẹ pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ẹ fún un lọ́mú, ẹ tẹ́ ẹ padà. Títí tí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi padà sí ti ọjọ́ tí ẹ bí i, tó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jí i tó bá fẹ́ sùn kọjá wákàtí mẹ́rin láìmu ọmú. Ìgbà 8 sí 12 ni ọmọ tuntun ń mu ọmú láàárín ọjọ́ kan.

Àlejò_Òru · aago 6:00 àárọ̀

Ẹ fún un ní oògùn ikọ́ díẹ̀. Á sùn mọ́jú.

Agbẹ̀bí_Alẹ́ · aago 6:03 àárọ̀

Rárá o! Kò sí oògùn oorun fún ọmọ tuntun, ìbáà ṣe ti ikọ́ ìbáà ṣe ti àgbo. Ó lè dá èémí rẹ̀ dúró. Kò sí omi náà, ọmú tàbí wàrà ọmọ nìkan títí di oṣù mẹ́fà. Ẹ dákun, ẹ̀yin alámòójútó, ẹ bá wa yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò.

---

Ọkọ_Rẹ̀ · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5, aago 1:15 òru

Ẹ kú òru. Ọkọ Àkọ́bí_Ńbọ̀ ni mí, kò mọ̀ pé mo ń kọ èyí. Ọmọ dára, ó ti ń sùn wákàtí mẹ́rin léraléra. Ìyá rẹ̀ ni kò sùn. Ọmọ á sùn, èmi á sùn, òun á jókòó létí ibùsùn, á máa wo àyà ọmọ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Mo ní kó sùn, kí n ṣọ́ ọ. Ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ di àárọ̀. Ó ní ìyá burúkú lòun. Mo rò pé àárẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Agbẹ̀bí_Alẹ́ · aago 1:29 òru

Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́. Àárẹ̀ máa ń jẹ́ kí èèyàn sùn bó bá ti ráyè. Tí ìyá bá ráyè sùn tí oorun kò wá, tó tún ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ìbànújẹ́ ọkàn tó ń tẹ̀lé ìbímọ la máa kọ́kọ́ fura sí. Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ mú un lọ láàárọ̀, ẹ bá a wọlé. Wọ́n lè bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá kan tó ti wà láti 1987, kò pẹ́ rárá. Ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún wa gan-an.

Ìbéèrè kan tí mo gbọ́dọ̀ bi yín nísinsìnyí: ṣé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹ̀yin ò gbọ́? Ṣé ó ń sọ pé òun ò nílò oorun mọ́, tàbí pé òun máa pa ara òun tàbí ọmọ lára? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dúró de àárọ̀, ẹ gbé e lọ báyìí.

Ọkọ_Rẹ̀ · aago 1:36 òru

Rárá, kò sí èyíkéyìí. A ó lọ láàárọ̀.

Bàbá_Ìbejì · aago 5:50 àárọ̀

Àbúrò, ìwọ náà ńkọ́? Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí. Kọ sí mi nígbàkigbà.

Àkọ́bí_Ńbọ̀ · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, aago 4:10 òru

Mo ka ohun tí ọkọ mi kọ. Mo bínú sí i fún ọjọ́ kan. Mo ti ń gba ìtọ́jú, mo ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. A ti pín òru bí Bàbá Ìbejì ṣe sọ, ọkọ mi ló ń gba apá àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sùn wákàtí márùn-ún, mo jí, mi ò mọ ọjọ́ tí a wà.

Apá tèmi la wà báyìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn nínú ibùsùn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bojú jẹ́. Mo ka ení, èjì, mo dé ogójì. Ó ti padà sùn. Èmi náà fẹ́ lọ dùbúlẹ̀.